Iṣẹ́ dispatcher lọ́dọ̀ ọlọ́pàá yunifásítì l'Amẹ́ríkà: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dákun, ẹ là wá lọ́yẹ̀

Adébáyọ̀, Dallas
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Yunifásítì kan ń gba dispatcher, ìyẹn ẹni tó ń gbé ìpè pàjáwìrì tó sì ń fi rédíò rán ọlọ́pàá lọ, sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá inú ọgbà wọn, àbúrò kan sì fẹ́ du iṣẹ́ náà. WAEC ló ní, ó mọ iṣẹ́ call centre. Báwo ni wọ́n ṣe ń wọlé, kí ni iṣẹ́ ọ̀hún gan-an, kí ló sì máa ń há ọmọ Yorùbá lọ́nà níbẹ̀? Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́.

Ìyá Ṣadé, Houston
Ẹ kú àbójútó àbúrò. Ẹ sọ fún un pé kó má fi orúkọ kan ṣoṣo wá iṣẹ́ yìí. Ibòmíì á pè é ní Police Communications Operator, ibòmíì á ní Public Safety Telecommunicator, iṣẹ́ kan náà ni.

Ìwé WAEC ni kó kọ́kọ́ mójú tó. Kó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ilẹ̀ òkèèrè wò, bíi WES, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tó high school diploma. Kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè é, torí ìwé tó ń ti ilé bọ̀ kì í tètè dé. Kó sì ka ìkéde náà dáadáa lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú: àwọn ibi kan ò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, àwọn mìíràn gba ẹni tó ní green card.

Ìdánwò tó wọ́pọ̀ ni CritiCall. Ọ̀pọ̀ ibi ń béèrè pé kéèyàn lè tẹ ọ̀rọ̀ 35 tàbí 40 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ìyára ìka kọ́ ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tó ń já wọn ni pé ohùn kan á máa ka nọ́ńbà fóònù àti orúkọ sí wọn létí, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n yàn: ọlọ́pàá, panápaná, àbí ambulance? Kó ní kí ẹnì kan nínú ilé máa ka àdírẹ́sì àti nọ́ńbà mọ́tò fún un kíákíá, kóun máa tẹ̀ ẹ́ láìní kí wọ́n tún un kà. Wákàtí kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò ṣe é lóore.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò: ìtẹ̀ka, oògùn olóró, etí, àyẹ̀wò ọpọlọ; àwọn ibi kan tún ń lo ẹ̀rọ tó ń mọ irọ́. Wọ́n á ní kó kọ gbogbo ibi tó ti gbé àti ibi tó ti ṣiṣẹ́, títí kan ti Nàìjíríà. Kó kọ gbogbo rẹ̀. Gbèsè tàbí iṣẹ́ tí wọ́n lé èèyàn kúrò lẹ́nu ẹ̀ ṣeé ṣàlàyé, àmọ́ èyí tó bá fi pa mọ́ tí wọ́n wá rí ni yóò lé e. Gbogbo ètò yìí lè gba oṣù mélòó kan, nítorí náà kó má tíì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà, ó yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Wákàtí 120 ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti California, 232 ni ti Florida, ìdánwò ìjọba sì wà ní Florida. Lẹ́yìn náà á jókòó ti ẹni tó ń kọ́ ọ fún oṣù bíi mélòó kan, tí gbogbo ìpè rẹ̀ yóò máa wọ etí àwọn méjèèjì. Shift wákàtí 12 wọ́pọ̀, òru wà níbẹ̀, Kérésì àti Iléyá náà wà níbẹ̀. Kó béèrè bóyá yunifásítì náà ń dín owó ilé ẹ̀kọ́ kù fún òṣìṣẹ́ àti ọmọ wọn, torí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn nìkan lè ju àfikún owó oṣù lọ.

Bọ̀dá Lékan, Baltimore
Ìyá Ṣadé ti là á. Ẹ jẹ́ kí n wọ inú iṣẹ́ gan-an. Ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "What is the address of your emergency?" Bí fóònù bá já lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹni tó ti gba ibẹ̀ lè ránṣẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé ẹnì kan dákú àmọ́ tí kò mọ ibi tó dákú sí, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Nínú ọgbà ìwé, ọ̀rọ̀ ibi yìí ṣòro ju ti ìgboro lọ. Ilé kan lè ní orúkọ mẹ́ta: èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, àti nọ́ńbà tí àwọn tó ń tún ilé ṣe mọ̀ ọ́n sí. Ambulance ìlú ò mọ ìkankan nínú wọn, àdírẹ́sì òpópónà ni tiwọn. Nítorí náà kí àbúrò kọ́ gbogbo ilé ní orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú àdírẹ́sì, àti ẹnu ọ̀nà tí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ti ambulance lè gbà wọlé láìpàdé àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iṣẹ́, kó fẹsẹ̀ rìn ín. Máàpù ò ní sọ fún un pé elevator ilé kan ò dé àjà tó kẹ́yìn.

Ìpè fóònù alágbèéká sí 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí, sábà máa ń kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì 911 ti ìlú tàbí county, kí wọ́n tó dá a sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ọgbà. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì àbúrò ló ń da ìpè sọ́dọ̀ àwọn míì, bíi panápaná ìlú, kó má fi fóònù sílẹ̀ títí tí wọ́n á fi gbé e lódìkejì, kó sì sọ ibẹ̀ àti nọ́ńbà ẹni tó pè kó tó kúrò. Ibi tí ìpè ti ń sọ nù jù nìyẹn.

Fóònù inú ọ́fíìsì ọgbà tún ní wàhálà tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ 9 kí wọ́n tó bọ́ síta, ẹni tó fẹ́ pe ìlú mìíràn á tẹ 9, á tẹ 1, ìka á tún yọ̀ sórí 1, ó ti pe 911 nìyẹn. Ẹ̀rù á bà á, á gbé fóònù sílẹ̀. Kí àbúrò pe nọ́ńbà yẹn padà. Tí wọn ò bá gbé e, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ lọ wò ó. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ Kari Hunt tí wọ́n ti pínyà pa á ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Marshall, Texas, lọ́dún 2013: ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún 9 tẹ 911 léraléra, kò lọ, torí wọn ò sọ fún un pé 9 ló ń ṣáájú. Òun ni wọ́n fi sọ òfin Kari's Law lórúkọ. Ẹ̀rọ fóònù tí wọ́n bá gbé wọ ilé lẹ́yìn ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2020 gbọ́dọ̀ lè pe 911 tààrà. Ẹ̀rọ àtijọ́ ò sí lábẹ́ òfin yẹn, ó sì ṣeé ṣe kó ṣì wà nínú àwọn ilé tó ti pẹ́.

Adébáyọ̀, Dallas
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ohùn wá ńkọ́? Ṣé ìyẹn ò ní dí i lọ́wọ́?

Ìyá Ṣadé, Houston
Ohùn kì í ṣe ìṣòro tó bá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a mú ti ilé bọ̀ ló léwu, torí èèyàn ò ní mọ̀ pé òun ti ṣàṣìṣe.

Èyí tó burú jù ni àjà ilé. Nílé àti ní Lọ́ńdọ̀nù, first floor ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ téèyàn gùn. Níbí, first floor ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé tó ní òun wà ní second floor, ó lè jẹ́ third floor ló ń sọ. Kó béèrè nọ́ńbà yàrá, torí nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3, àjà kẹta ló sábà máa ń jẹ́.

Ọjọ́ ìbí: oṣù ló ń ṣáájú níbí. 04/07 ni ọjọ́ keje oṣù kẹrin. Tó bá yí i padà nígbà tó ń wá orúkọ nínú kọ̀ǹpútà, kò ní rí nǹkan kan, á sì sọ fún ọlọ́pàá pé ọwọ́ ẹni náà mọ́.

Kó má sọ "double four" tàbí "triple zero", kó pe nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó má sọ "zed". Àwọ̀ mọ́tò tí à ń pè ní "ash", gray ni. "Wine", maroon ni. "Boot", trunk ni. Kó má sì ṣe sọ "I'm coming" fún ẹni tó fẹ́ fi sórí ìlà díẹ̀! Mò ń bọ̀ wa yìí, ohun tó túmọ̀ sí létí wọn ni pé dispatcher ti dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. "Stay on the line with me" ni kó sọ.

F àti V máa ń papọ̀ lẹ́nu wa, S àti Z pẹ̀lú. Ìdí nìyí tó fi gbọ́dọ̀ mọ àwọn orúkọ lẹ́tà ọlọ́pàá sórí: Adam, Boy, Charles, David, Edward, Frank, títí dé Victor, William, X-ray, Young, Zebra. Alpha, Bravo ti àwọn ológun kọ́ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ń lò, kó béèrè èyí tí tiwọn.

Kúnlé, Atlanta
Ẹ jẹ́ kí n fi ti rédíò kún un. Kó tẹ pẹ́dà ẹsẹ̀ tó ń ṣí rédíò, kó ka ọ̀kan nínú, kó tó lanu. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, rédíò á gé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà ló sì máa ń jẹ́ nọ́ńbà ọlọ́pàá tó ń pè. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ nìyí: ẹni tó ń pè, irú ìpè, ibẹ̀, lẹ́yìn náà àlàyé díẹ̀. Kó pe àdírẹ́sì lẹ́ẹ̀mejì. Ìkíni ò sí lórí rédíò, bó ti wù kí ọ̀gá náà dàgbà tó.

Tí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò dúró, kó kọ ibẹ̀ sílẹ̀ kó tó kọ nọ́ńbà mọ́tò, kó sì máa pè é wò ní iye ìṣẹ́jú tí ìlànà wọn sọ. Tí kò bá dáhùn, kó má rò pé ọwọ́ rẹ̀ dí, kó rán ẹlòmíràn.

Bí NCIC, ìyẹn àkójọ orúkọ ọ̀daràn àti mọ́tò tí wọ́n jí tí FBI ti ń tọ́jú láti ọdún 1967, bá fi hàn pé wọ́n ń wá ẹni náà, kó má kà á jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń wá lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò ọlọ́pàá. Kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ọlọ́pàá náà wà níbi tó ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí ìlú mìíràn bá ní kí ọ́fíìsì àbúrò jẹ́rìí sí ìwé àṣẹ ìmúni tí wọ́n fi síbẹ̀, kí wọ́n dáhùn láàárín ìṣẹ́jú 10 fún ti kánjúkánjú, wákàtí kan fún èyí tí kò kánjú.

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ èyí fún un kedere: kò gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà yẹn wo nọ́ńbà mọ́tò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará wa á pè é pé "bá mi wo ẹni tó ni mọ́tò yìí". Gbogbo ohun tó bá wá níbẹ̀ ló ń wà lákọsílẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Wọ́n á lé e, wọ́n sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Bọ̀dá Lékan, Baltimore
Ó kù síbì kan. Tí ẹnì kan bá ṣubú, ìbéèrè méjì ni: ṣé ó mọra? Ṣé ó ń mí bó ṣe yẹ? Tí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ rárá, kó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà lójú ẹsẹ̀, kó jin ínǹsì 2 ó kéré tán fún àgbàlagbà, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kóun máa kà á sókè fún wọn. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni ìmí tó dà bí ìhanrun tàbí ti ẹni tó ń fi agbára fa èémí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní "ó ń mí". Ìyẹn kì í ṣe ìmí. Kó sọ ibi tí AED, ẹ̀rọ tó ń fi iná mú ọkàn padà bọ̀ sípò, wà nínú ilé náà, kó rán ẹlòmíràn lọ gbé e, kì í ṣe ẹni tó ń tẹ àyà.

Ní alẹ́ Friday, ọtí ni. Ẹni tí kò ṣeé jí: ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n dà á sí, kí wọ́n má fi í sílẹ̀, kí wọ́n má fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má fún un ní kọfí.

Ẹni tó bá pe nọ́ńbà ọ́fíìsì dípò 911 tó ní òun fẹ́ yìnbọn, kó fura pé ó lè jẹ́ ẹlẹ́tàn tó wà níbi tó jìnnà, torí 911 tí ẹni yẹn bá pè, ìlú tirẹ̀ ni yóò wọ̀. Wọ́n á ṣì ránṣẹ́ lọ o. Àmọ́ kó sọ fún àwọn tó ń lọ pé ìlà ọ́fíìsì ni ìpè náà gbà wọlé.

Àǹtí Bísí, Philadelphia
Òfin Clery ńkọ́? Ohun tó ya ọlọ́pàá ọgbà sọ́tọ̀ sí ti ìlú nìyẹn. Ọdún 1986 ni wọ́n pa Jeanne Clery, akẹ́kọ̀ọ́ kan, nínú yàrá rẹ̀ ní yunifásítì Lehigh, níbí ní Pennsylvania. Òfin náà jáde ní 1990. Ìwé àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo ayé láti wò: irú ẹ̀ṣẹ̀, ọjọ́, àkókò, ibẹ̀, àti ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, ti ọjọ́ 60 tó kẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Inú ohun tí dispatcher tẹ̀ sínú CAD, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ìpè sílẹ̀, ni wọ́n ti ń fà á yọ, nítorí náà tó bá kọ "lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé" láìsọ bóyá inú ọgbà ni tàbí ojú títì ìjọba, iye ẹ̀ṣẹ̀ tí yunifásítì fi ránṣẹ́ á ṣìnà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, dispatcher náà ló ń tẹ bọ́tìnnì tó ń ránṣẹ́ ìkìlọ̀ sí fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ohun mẹ́ta: kí ló ń ṣẹlẹ̀, níbo, kí ni kí wọ́n ṣe. Èyí tó bá sọ ewu láìsọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ńṣe ni gbogbo wọn á máa pe 911 láti béèrè, ìlà á sì dí mọ́ ẹni tó wà nínú ewu gan-an. Kó má gbàgbé láti ránṣẹ́ pé ó ti parí.

Adébáyọ̀, Dallas
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀kan ló kù, tiwa tí a ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́: òbí tó wà ní Ìbàdàn tí ọmọ ò gbé fóònù fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ni kó pè?

Àǹtí Bísí, Philadelphia
Kì í ṣe 911. Láti Nàìjíríà, kò ní dé Amẹ́ríkà. Kó fi +1 ṣáájú nọ́ńbà tààrà ti ọlọ́pàá ọgbà ọmọ náà, kó ní òun fẹ́ "welfare check", ìyẹn pé kí ọlọ́pàá lọ wo ọmọ náà bóyá ara rẹ̀ le. Kó ní àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́: orúkọ ọmọ bó ṣe wà nínú ìwé yunifásítì (kì í ṣe orúkọ ilé), ọjọ́ ìbí pẹ̀lú orúkọ oṣù, ilé àti yàrá, nọ́ńbà fóònù, àìsàn tó bá ní, àti ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kó sọ pé aago Nàìjíríà ni. Ó fi wákàtí 5 ṣáájú Philadelphia nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, 6 nígbà òtútù. Ọlọ́pàá lè padà wá sọ pé àwọn rí i, ara rẹ̀ le, kí wọ́n má sọ ibi tó wà, torí àgbàlagbà ni lójú òfin. Kí òbí náà ní kí wọ́n bá òun sọ fún ọmọ pé kó pe ilé, wọ́n á jíṣẹ́ náà.