Híítà ń tan, omi kì í gbóná kí ilẹ̀ tó mọ́ (Jos)

Ọmọ Ọ̀fà ní Jos:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Híítà omi 50 lítà, 1500W, ló wà nílé wa. Súwíìṣì WiFi 16A ló ń tan án. Orí fóònù la ti ṣètò rẹ̀ pé kó tan ní 4:30 ìdájí, kó kú ní 6:00, káwọn ọmọ lè wẹ̀ lọ síléèwé. Ní gbogbo àsìkò òjò, kò sí wàhálà. Àtìgbà tí ọyẹ́ ti dé, omi kàn ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni. Bí iná bá sì lọ lóru tó wá dé lẹ́yìn aago márùn-ún, kì í tilẹ̀ tan rárá. A ti yí thermostat ara híítà láti 60°C sí 75°C, pàbó ló já sí. Oníṣẹ́ iná ní élímẹ́ǹtì ló ti ń kú, ká ra tuntun. Ṣé ká rà á?

Oníwáyà Kubwa:
Ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ dá thermostat padà sí 60°C. Kì í mú omi yára gbóná. Ibi tí híítà yóò ti dáwọ́ dúró nìkan ló ń sọ fún un. Ì báà jẹ́ 60, ì báà jẹ́ 75, 1500W kan náà ni élímẹ́ǹtì ń fà títí yóò fi débẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: iye lítà, lọ́nà iye dígíríì tí omi máa fi gbóná sí i, lọ́nà 1.163 (iye watt-wákàtí tó ń mú lítà omi kan gbóná sí i ní dígíríì kan). Ká ní omi táńkì wà ní 22°C lásìkò òjò, dígíríì 38 ló kù kó dé 60°C: 50 lọ́nà 38 lọ́nà 1.163 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,210. Ẹ fi 1500 pín in: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 28. Ẹ ò rí i pé wákàtí kan ààbọ̀ tẹ́ ẹ fún un bá a mu wẹ́kú? Tí ọyẹ́ bá wá mú omi táńkì orí òrùlé wálẹ̀ sí 15°C, ó di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45. A ò tíì dárúkọ iná o.

Níbi iná gan-an lọ̀rọ̀ wà. 220V ni wọ́n fi ka 1500W tẹ́ ẹ rí lára híítà. Bí volt bá lọ sílẹ̀, agbára élímẹ́ǹtì máa ń lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Ká ní 180V ló ń wọlé: ẹ fi 220 pín 180, ẹ wá sọ èsì rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀: 0.67. 1500W ti di nǹkan bí 1000W nìyẹn, omi 15°C yẹn yóò sì gba ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Ìdájí ọyẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń tan híítà àti kẹ́tùlù lẹ́ẹ̀kan náà, kí la fẹ́ rí? Ẹ ka volt ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ má kà á lọ́sàn-án.

Ti élímẹ́ǹtì: ẹ pa bréékà, ẹ yọ wáyà méjèèjì lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé tẹ́sítà sí ohm. Ti 1500W yẹ kó ka nǹkan bí 32. Bí kò bá ka nǹkan kan, ó ti já. Bí tẹ́sítà bá sì ka nǹkan láàárín ẹnu élímẹ́ǹtì àti irin ara táńkì, ẹ má ṣe tan án mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ará Kaduna:
Ti iná tó ń lọ lóru ńkọ́? "Tan ní 4:30" jẹ́ àṣẹ ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Bí súwíìṣì kò bá níná nígbà náà, àṣẹ yẹn ti kọjá. Iná tó dé ní 5:10 kò lè dá a padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní bátìrì aago, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba aago bí iná bá dé. Nítorí náà, ẹ gbé rọ́tà sórí inverter, kí ẹ sì fi àṣẹ "tan" kún un: 3:15, 3:45, 4:15, títí dé 5:15. Bó bá ti tan tẹ́lẹ̀, àṣẹ kejì ò ní pa á lára.

Ẹ tún wò ó pé Africa/Lagos ló wà nínú áàpù. Bó bá jẹ́ UTC, wákàtí kan gbáko ni yóò máa fi pẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà ní Jos:
Ẹ ṣeun gan-an. Élímẹ́ǹtì ka 33. Volt ní aago márùn-ún: 176! Mo ti sún un sí 3:15. Inverter wà nílé. Ṣé súwíìṣì WiFi nìkan lè wà lórí rẹ̀, kí híítà má jẹ bátìrì tán?

Oníwáyà Kubwa:
176V lórí 33 ohm jẹ́ nǹkan bí 940W. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 47 lomi 15°C máa gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 3:00.

Ó ṣeé ṣe, contactor (súwíìṣì ńlá tí iná kékeré ń darí) lẹ máa rà: 25A, coil (wáyà inú rẹ̀ tí iná kékeré yẹn ń wọ̀) 220V. Inverter wọ súwíìṣì WiFi, súwíìṣì lọ sí A1, neutral inverter lọ sí A2 (ẹnu coil méjèèjì nìyẹn). Iná ìta gba bréékà 16A wọ contactor, ó gba wáyà 2.5mm² lọ sí híítà. Ẹ má so neutral méjèèjì pọ̀ nínú àpótí yẹn. Ibi tó dùn sí nìyí: contactor á wà ní títì (ìyẹn ni pé iná lè gba inú rẹ̀ kọjá) láti 3:00 dé 6:00, ìgbàkígbà tí iná ìta bá dé láàárín rẹ̀, híítà á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sára àpótí gàdàgbà pé orísun iná méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá pa bréékà híítà nìkan, 220V inverter ṣì wà lẹ́nu coil.