Kúláǹtì àtijọ́ kò jáde tán: ṣé kí n fi nọ́ọ̀tì ara ẹ́ńjìnnì sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀nà. Mo ń pààrọ̀ kúláǹtì (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) ọkọ̀ mi kékeré nílé. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa kí n tó ṣí ìdérí (ojú ò ní ìpààrọ̀), mo wá tú ìdí rédíétọ̀. Ìwé ọkọ̀ ní lítà 6 ló ń gbà, àmọ́ nǹkan bíi 3 ló jáde, ó pọ́n rúsúrúsú. Ìyókù ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì àti hítà.

Nọ́ọ̀tì kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó yẹ kí n tú kí ìyókù yẹn lè dà jáde, ṣùgbọ́n ó ti dógùn-ún, sípánà ń yọ̀ lórí rẹ̀. Mo ti fọ́n òróró sí i, kò mira. Ẹ̀rù ń bà mí kó má kán sínú ibẹ̀. N kò sì fẹ́ da tuntun lé ògbólógbòó, torí oríṣi méjì lè dì pọ̀ bí ògì.

Ṣé ó bójú mu kí n fi nọ́ọ̀tì yẹn sílẹ̀, kí n máa fi distilled water (omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà di omi) ṣàn án títí yóò fi mọ́, kí n wá da ògidì kúláǹtì (èyí tí wọn ò tíì pò mọ́ omi) lítà 3 sí i, kó lè di ìlàjì-ìlàjì pẹ̀lú omi tó kù nínú?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣeun ṣáájú o.