Kì í ṣe èsì òdì, èsì ìjánu ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Àbúrò wa tó ń tún àwọn ańpilifáyà àtijọ́ ṣe, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú ohùn tóbi sí i, béèrè ohun tí a ó máa pe "negative feedback" ní Yorùbá, ìyẹn kí ẹ̀rọ máa dá díẹ̀ nínú ohun tó jáde padà kó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹnì kan ní "ìdápadà aláìdáa". Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó ń sọ ohùn di mímọ́, báwo ló ṣe di aláìdáa? "Èsì òdì" tí ẹ̀gbọ́n wa dábàá ló yẹ ká jókòó tì.

"Èsì" tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti la ọ̀nà fún wa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ańpilifáyà ìgbà ìjímìjí rí: ohùn wọlé, ó tóbi sí i, ó jáde. Bó bá dàrú lọ́nà, ó ti dàrú nìyẹn. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1927, inú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e sọdá odò Hudson lọ síbi iṣẹ́ ni Harold Black, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Bell Labs, ilé ìwádìí nípa tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, wà tí ọgbọ́n kan fi sọ sí i lọ́kàn, ó sì yà á sójú ìwé New York Times tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a bù díẹ̀ nínú ohun tó jáde, kí a dá a padà sẹ́nu ọ̀nà, kó dojú kọ èyí tó ń wọlé. Ibi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, àṣìṣe ẹ̀rọ nìyẹn, ẹ̀rọ á sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì wá di agbèsì.

"Òdì" gan-an ni mo bá jà. Nínú ìṣirò, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ìyá yín pé èsì òdì dé, ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ohun tí èsì yìí ń ṣe ni pé ó ń dín agbára ẹ̀rọ kù kí ohùn lè tọ́, Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ fún un: kéèyàn kó ara rẹ̀ níjàánu. Èsì ìjánu ni tèmi. Ìkejì rẹ̀, "positive feedback", tó ń ti ẹ̀rọ síwájú, tí sípíkà fi ń han gooro bí oníwàásù bá gbé makirofóònù sún mọ́ ọn, kó máa jẹ́ èsì kẹ́sẹ́. Kẹ́sẹ́ ló tiẹ̀ kọ́kọ́ dé: ọdún 1914 ni Edwin Armstrong, onímọ̀ rédíò ará Amẹ́ríkà, ti gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ (patent) lórí bó ṣe ń gún rédíò ní kẹ́sẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹwà ọ̀rọ̀ lásán ni mò ń wá, ẹ jẹ́ ká dán an wò lára ańpilifáyà tí onímọ̀ ẹ̀rọ D. T. N. Williamson gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Wireless World lọ́dún 1947. Fáàfù KT66 méjì, ìyẹn ìgò tí iná ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ àtijọ́, ló ń ti ohùn jáde, wáàtì 15, ìdàrú ohùn rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú 1,000. Ìjánu rẹ̀ tó 20 dB (dẹ́síbẹ̀lì, òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀ ohùn), ìyẹn ni pé ìdàrú tí ì bá jẹ́ mẹ́wàá di ẹyọ kan. Àmọ́ ó kó tiransifọ́mà tó wà lẹ́nu sípíkà mọ́ inú ìjánu, tiransifọ́mà a sì máa yí àsìkò ohùn padà, pàápàá ohùn tó ròkè gan-an. Bí èsì bá pẹ́ jù kó tó dé, ìgbà tó yẹ kó fà sẹ́yìn ni yóò máa tì síwájú. Ìjánu di kẹ́sẹ́ nìyẹn, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ìdí rèé tí Williamson fi la bí wọn yóò ṣe wé tiransifọ́mà yẹn sílẹ̀ kínníkínní. Ẹni tó bá ra gbàrọgùdù kan fi rọ́pò rẹ̀, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn. Ẹ fi "òdì" sọ "ìjánu di kẹ́sẹ́" kí n gbọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ náà fáàfù, ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní valve nítorí pé èyí tí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn, Fleming, ṣe ní 1904, ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà nínú rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tube. Fáàfù, túùbù: àfi bí ẹni pé ọ̀dọ̀ fọkanáísà la ti lọ kọ́ṣẹ́ rédíò! Mo fara mọ́ fáàfù, torí ti táyà náà ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, kì í jẹ́ kó jáde.

"Asẹ́" tí ẹnì kan sọ "grid", ìyẹn wáyà kan nínú fáàfù, kò wọ̀ mí létí. Asẹ́ a máa ya èérí sọ́tọ̀. Èyí tí Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, fi sínú fáàfù ní 1906 kì í ya nǹkan kan, iye iná tó máa kọjá ló ń pinnu. Oníbodè ni.

"Phase", ìyẹn ibi tí ìgbì ohùn dé nínú ìrìn rẹ̀ ní àsìkò kan, ló kù tí mo ń fọwọ́ rá bàbà. "Ìgbésẹ̀" ni mo ti ń lò, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ní òmíràn, kó gbé e wá.