Kíríìmù irorẹ́ ń bó mi lójú, ṣé kí n dá a dúró ni?

Télọ̀ Lágere
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ ojú mi ni mo gbé wá. Irorẹ́ ti ń yọ mí lẹ́nu ní àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ó ti pẹ́, wọ́n wá ta kíríìmù adapalene 0.1% fún mi ní kẹ́mísì kan ní Ifẹ̀ níbí pé kí n máa fi pa ojú lálẹ́, wọ́n tún fi jẹ́ẹ̀lì benzoyl peroxide 10% kún un fún àárọ̀, ọṣẹ tó ní salicylic acid tí mo sì ti ń fi bọ́jú tẹ́lẹ̀, mi ò fi í sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ imú àti ìgun ẹnu, tí mo bá rẹ́rìn-ín awọ ibẹ̀ á máa fà, ó ń bó wínníwínní, pọ́ńdà ò jókòó mọ́, ibi tó ń bó yẹn gan-an ló ń ṣù jọ sí. Omi lásán tí mo bá bù sójú ń ta mí o!

Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni pé táwẹ̀lì búlúù tí mo fi ń nujú ti ní ojú funfun káàkiri, ìrọ̀rí mi náà bẹ́ẹ̀. Ṣé bó ṣe ń bó aṣọ yìí náà ló ṣe ń bó àwọ̀ mi ni? Èmi ò fẹ́ bóra o, dúdú tí mo dú yìí tẹ́ mi lọ́rùn.

Màmá mi ní kí n da gbogbo ẹ̀ nù, kí n máa lo ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ dúdú, kọ́sítọ́mà mi kan ní kí n fara dà á pé ìdọ̀tí inú ara ló ń jáde. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

Fámásì Iléṣà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o àǹtí wa. Fámásì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà níbí, irú ojú yìí ò ṣàjèjì sí mi, kò sì fi dandan jẹ́ pé oògùn yẹn ò bá yín lára mu. Ó pọ̀ jù ni. Adapalene ń gbẹ ojú, benzoyl peroxide ń gbẹ ojú, salicylic acid náà ń gbẹ ojú, wọ́n wá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé awọ kan ṣoṣo lórí, níbo ló fẹ́ ti rí ọ̀rá tó máa fi dáàbò bo ara ẹ̀? Ìdí tí omi fi ń ta yín nìyẹn.

Ẹ pa gbogbo ẹ̀ tì ná títí omi ò fi ní ta yín mọ́. Ọṣẹ jẹ́jẹ́ tí kò ní òórùn ni kẹ́ ẹ máa lò, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi bọ́ ọ, ẹ má fi kànìnkànìn ha á rárá, kí omi tó gbẹ tán lójú kẹ́ ẹ ti fi ìpara tí kò ní òórùn pa á. Tó bá ti rọ̀ tán, adapalene nìkan ni kẹ́ ẹ dá padà, alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹ bọ́jú, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ fi Vaseline díẹ̀ sí ìgun ẹnu àti ẹ̀gbẹ́ imú kí oògùn má bàa débẹ̀, ẹ fi ìpara yín pa ojú tó kù, kẹ́ ẹ wá fún adapalene tó tó hóró ẹ̀wà kan, hóró kan yẹn fún gbogbo ojú o, ẹ tò ó sí iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti àgbọ̀n kẹ́ ẹ tó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ ká. Kì í ṣe orí irorẹ́ nìkan là ń fi í sí, torí kí ihò ara má bàa dí ló ṣe wà, irorẹ́ tí kò tíì yọ gan-an ló ń bá jà. Tí ojú bá ti ń gbà á, ẹ fi alẹ́ kan kún un, ẹ tún wò ó ná. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ló máa ń tó kéèyàn tó rí ìyàtọ̀ gidi, ẹ má kánjú.

Ti táwẹ̀lì: benzoyl peroxide máa ń tú ọ́síjìn jáde, òun ló fi ń pa kòkòrò inú irorẹ́, òun náà ló ń jẹ aró aṣọ. Dúdú ara wa kì í ṣe aró, kò ní bó yín. Táwẹ̀lì funfun ni kẹ́ ẹ máa lò, ẹ sì fọ ọwọ́ yín dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan léèsì oníbàárà. Ní ti 10% yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ju 2.5% lọ, títa ló fi jù ú lọ, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà sí i, 2.5% ni kẹ́ ẹ béèrè.

Kọ́sítọ́mà yín sọ pé kẹ́ ẹ fara dà á. Lóòótọ́ irorẹ́ lè pọ̀ sí i díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ adapalene, àmọ́ títa àti bíbó kì í ṣe ìdọ̀tí tó ń jáde. Awọ dúdú tó bá ti wú tàbí tó jó máa ń fi àpá dúdú sílẹ̀, àpá yẹn sì lè lo oṣù púpọ̀ kó tó lọ, irorẹ́ tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ pa oògùn ti lè san tán kí ti oògùn tó san. Ẹ má fara da nǹkan kan jàre.

Ìyá Ìbejì Mọ̀dákẹ́kẹ́
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ire ni màmá ẹ ń wá fún ẹ, àmọ́ jọ̀ọ́ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ kan ojú yẹn. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá kan ara, tí oòrùn wá pa á, ó máa ń jóni, á lé ròrò, ibẹ̀ á dúdú kirikiri. Ọṣẹ dúdú dáa, èmi náà fi ń wẹ̀, ṣùgbọ́n eérú la fi ń ṣe é, ó le fún ojú tó ti ń bó. Jẹ́ kó san ná.

Nǹkan tó jẹ́ kí n dá sí i gan-an ni àwọn kíríìmù àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Wọ́n ta ọ̀kan fún ọmọ mi obìnrin nígbà tí ojú ń yún un, wọ́n ò sọ pé steroid, oògùn líle tó ń mú kí ara tó wú rọlẹ̀, wà nínú ẹ̀, ojú sì rọ̀ kíákíá, ó dán, gbogbo wa ń yọ̀. Ìgbà tó dáwọ́ ẹ̀ dúró ni irorẹ́ kéékèèké bo ojú ẹ̀ pátápátá, ó pọ́n, awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé a ń rí iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e fún ẹ pé kí ojú lè tètè rọ̀, ka ara páálí ẹ̀. Tó o bá rí clobetasol tàbí betamethasone níbẹ̀, steroid ni wọ́n, dá a padà fún wọn. Èyí tí kò tiẹ̀ ní páálí rárá, tí wọ́n bù sínú ike, má gbà á.

Sábó Rider
Fámásì ti sọ ọ́ tán, èmi kàn fẹ́ fi ti oòrùn kún un. Ọ̀kadà ni mò ń gùn, tretinoin, ẹbí adapalene yín yẹn, ni dókítà kọ fún èmi, ojú tó bá ń lo irú àwọn oògùn yìí oòrùn tètè máa ń pa á. Ẹ wá sunscreen, ìpara tó ń gba ojú lọ́wọ́ oòrùn, tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, ẹ máa pa á láàárọ̀ àfi bẹ́ ẹ̀ bá ní jáde síta, ẹ sì dé fìlà. Tí ọyẹ́ bá dé ẹ tún dín alẹ́ oògùn kù, ojú á gbẹ ju báyìí lọ. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ má fá irùngbọ̀n lọ́jọ́ tí ojú bá ń bó o.

Télọ̀ Lágere
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín, ìyá mi ẹ ṣé o. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bùọ̀dá Fámásì, ẹ má bínú, ó ku ẹyọ kan, èmi àti ọkọ mi ń retí pé kí Ọlọ́run fún wa lọ́mọ láìpẹ́, ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Fámásì Iléṣà
Ó kàn án o, ó dáa bẹ́ ẹ ṣe béèrè. Ẹ má padà sí adapalene yẹn mọ́ nígbà náà, a kì í lò ó tí a bá lóyún tàbí tí a bá ń retí ẹ̀, tretinoin náà bẹ́ẹ̀. Oníhóró tí wọ́n ń pè ní isotretinoin ni kẹ́ ẹ sá fún jù lọ, ó máa ń ba ọmọ inú jẹ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Azelaic acid wà tí dókítà lè fún yín dípò, benzoyl peroxide tó kéré náà wà. Ẹ lọ rí dókítà awọ ara ní ọsibítù tíṣìn Ifẹ̀, OAUTHC, kò jìnnà sí yín. Tí ìpéǹpéjú tàbí ètè bá wú, tí ara sú, tàbí tí mímí nira lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa nǹkan kan sójú, ìyẹn kì í ṣe gbígbẹ lásán mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ kó gbogbo ike àti páálí wọn dání tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà, títí kan ọṣẹ, kó lè fojú ara ẹ̀ rí ohun tó wà nínú wọn.