Láptọ́ọ̀pù wo lẹ lò nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi wọlé fún MBBS lọ́dún yìí, inú wa dùn débi pé màmá wa sunkún. Gbogbo ẹbí ti dáwó láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n ẹnu wa ò kò. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston fẹ́ fi Chromebook ránṣẹ́, bọ̀dá kejì ní MacBook ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la ibẹ̀ kọjá, kí lẹ lò, kí ló sì ṣẹlẹ̀?

Ọmọ Wọ́ọ̀dù
Ẹ kú oríire o. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n Houston kí wọ́n dúró ná. Chromebook lèmi náà gbé wọ 200 level, àǹtí mi ló fún mi. Ó fúyẹ́, kì í pẹ́ tàn, bátìrì rẹ̀ ń bá mi dalẹ́. Mo fi ń ka PDF, mo fi ń wo fídíò anatomy, kò sí wàhálà. Àfi ìgbà tí wọ́n ní ká fi àpù ìdánwò sórí ẹ̀rọ wa kó tó di ọjọ́ Ajé. Mo gbà á wálẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Fáìlì .exe ni, ti Windows, ChromeOS ti Google ló sì wà lórí tèmi. Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀rẹ́ mi tí ìpele kejì kàn ló yá mi ní tiẹ̀. Bí mo ṣe ṣe tèmi tán, mo sáré gbé e fún un lẹ́nu ọ̀nà, kíbọ́ọ̀dù ṣì gbóná. Ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé mi ò rántí ohun tí mo tẹ̀ sí ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ààrẹ Òru
MacBook. Ọ̀rọ̀ tán.

Ìyá Ìbejì 600L
Ààrẹ Òru, ọ̀rọ̀ ò tíì tán o. MacBook M1 ni mo ní, èyí tó ń lo ṣípù Apple fúnra wọn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dórí project Community Medicine, Epi Info, àpù tí wọ́n fi ń ṣírò èsì ìwádìí, ni alábòójútó mi ní kí n lò, torí òun ni wọ́n mọ̀ tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni, CDC, àjọ ìlera Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ṣùgbọ́n ti orí kọ̀ǹpútà, Windows nìkan ló ń bá ṣe. Mac àtijọ́ tó ń lo Intel, èèyàn lè fi Boot Camp gbé Windows sí i. Látìgbà tí Apple ti bẹ̀rẹ̀ M1 lọ́dún 2020, ọ̀nà yẹn ti dí. Parallels tó ń gbé Windows sínú Mac wà, owó ni. Ìwé ìbéèrè 312 ni mo tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ mi lóru, tí àwọn ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Atúngun
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná. Hóstẹ́ẹ̀lì wa lo ọjọ́ mẹ́rin láìríná nígbà tí Part I, ìdánwò ńlá àkọ́kọ́ wa, ku ọ̀sẹ̀ méjì. Láptọ́ọ̀pù Windows ti ẹni tá a jọ ń gbé, wákàtí kan ààbọ̀ ló ń lò. M1 tèmi, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣájì rẹ̀ níbi jẹnẹrétọ̀ ìyá olóúnjẹ, mo fi ka brachial plexus di ọjọ́ kejì. Èèyàn lè yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíì lọ́sẹ̀ kan fún Epi Info. Ta ló máa yá èèyàn níná fún ọdún mẹ́fà? Jamovi àti R tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sì wà lórí Mac, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ìyá Ìbejì 600L
Tí alábòójútó bá ní Epi Info lòun fẹ́, ṣé R lẹ máa gbé fún wọn?

Atúngun
Mo gbé e fún wọn. Wọ́n gbà á.

Ọmọ Ìkẹjà
Mo ń ta tòkunbọ̀ ní Computer Village, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́. Òbí á wá, wọ́n á ní EliteBook 840 ti HP làwọn fẹ́, wọ́n á sì gbé G3 lọ torí owó rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ṣípù Intel inú G3, ìran kẹfà ni, ti G4 ìran keje, orí G5 ni ìran kẹjọ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ti ń gbà wọ́n. Microsoft sì ti ṣíwọ́ lórí Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Ọmọ tó máa lo ọdún mẹ́fà, ẹ má ra G3 fún un. ThinkPad ti Lenovo náà nìyẹn: T470, rárá, T480, bẹ́ẹ̀ ni, tó bá ṣáà ti jẹ́ ìran kẹjọ. RAM kó má dín sí 8GB, ibi ìpamọ́ rẹ̀ kó sì jẹ́ SSD. Ẹlòmíì á ní òun lè fipá gbé Windows 11 sórí G3. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí àtúnṣe kankan fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Olómi Tútù
Ọmọ Ìkẹjà, ẹ sọ̀rọ̀ nípa lọ́ọ̀kì náà, ẹ jọ̀ọ́. MacBook Air tòkunbọ̀ ni bàbá mi fowó àjọ rà fún mi. Ó ṣiṣẹ́ geere fóṣù mẹ́ta. Mo wá ní kí n pa gbogbo nǹkan orí rẹ̀ rẹ́ kí n tún un tò. Bó ṣe tàn padà tó rí Wi-Fi, ó kọ "Remote Management", orúkọ iléeṣẹ́ kan nílùú òyìnbó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń béèrè páásìwọ́ọ̀dù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo orúkọ tí mi ò gbọ́ rí. Ẹni tó tà á fún wa ò gbé fóònù mọ́. Bàbá mi ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ṣé ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn?" Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ààrẹ Òru
Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kí bàbá.

Ọmọ Wọ́ọ̀dù
Ẹni tá a jọ ń gbé náà kó sí i. EliteBook ni tiẹ̀, páásìwọ́ọ̀dù BIOS, èyí tó ń béèrè kí Windows tó ṣí, ni wọ́n fi dè é. Kò rí i tú títí ó fi gboyè.

Ẹ Fi Hàn Mí
Oṣù mẹ́ta tó fi ṣiṣẹ́ ńkọ́? Kí ló dé tí lọ́ọ̀kì ò fara hàn látilẹ̀?

Ọmọ Ìkẹjà
Wọ́n ti dá ọgbọ́n fo ibẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Ìgbà tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́ ló tó tún lọ béèrè lọ́wọ́ Apple. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́ lójú yín, ẹ fi hotspot fóònù yín so ó, ẹ dúró títí á fi tàn dé ibi tẹ́ ẹ ti lè lò ó. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Olómi Tútù
Ká ní mo ti mọ̀.

Dókítà Àgbà
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀. Ọdún 1991 la ṣe Part I tiwa, àpótí egungun wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fìtílà wà lórí tábìlì. Physics, Chemistry àti Biology ni 100 level. Ẹ fowó yẹn pamọ́ di 200.

Atúngun
Ẹ kú àgbà, sà. Àwọn káàdì inú àpù Anki la fi ń há nǹkan sórí báyìí, sà.

Ìyá Ìbejì 600L
Anki ò nílò láptọ́ọ̀pù, ọ̀fẹ́ ni lórí Android. Orí iPhone ni wọ́n ti ń gba 24.99 dọ́là. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá. Tó bá fi máa dé 200, á ti mọ àpù tí wọ́n ń lò níbẹ̀, kò ní ra ẹ̀rọ lójú òkùnkùn.

Atúngun
Ṣé owó tí wọ́n bá tọ́jú lónìí ṣì máa ra ohun kan náà lọ́dún tó ń bọ̀?

Dókítà Àgbà
Ọmọ yìí, ibẹ̀ yẹn ni mi ò rí fèsì sí.

Ọmọ Baltimore
Níbí náà, ẹ ṣọ́ra fún láptọ́ọ̀pù Windows tó ń lo Snapdragon. Mo ra ọ̀kan torí bátìrì. Windows ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpù ìdánwò wa ní òun ò bá ARM, irú ṣípù tí Snapdragon jẹ́, ṣe. Mo dá a padà lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo pe ọmọ 200 level kan níbẹ̀ lánàá. Safe Exam Browser ni wọ́n fi ń ṣèdánwò, Windows tàbí Mac, Chromebook ò sí níbẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Wọ́ọ̀dù sétí ẹ̀gbọ́n wa lórí fóònù, wọ́n ní àwọn á fowó ránṣẹ́ dípò rẹ̀. T480 la máa lọ wò lọ́jọ́ Sátidé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára?

Ọmọ Ìkẹjà
Bátìrì T480 lè jẹ́ méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ó máa kọ ìwé kan jáde. Ẹ fi Full Charge Capacity, ìyẹn ohun tó ń gbà báyìí, wé Design Capacity, ohun tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, ti bátìrì kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti wọ ìdajì, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Olómi Tútù
Ẹ má gbàgbé láti gba rìsíìtì.