Lórí ìperí ìwádìí òwò: “ìfọwọ́sí” kò tó, “àìdárúkọ” kì í sì í ṣe “àìmorúkọ”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Mo ti ka àkójọ ìperí tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fẹ́ lò nínú ìwé ìlànà fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún ilé iṣẹ́ àti oníṣòwò. Fún ẹni tí kò bá tíì rí i: ìwádìí tí a fẹ́ fi yanjú ìṣòro kan pàtó ni wọ́n pè ní “ìwádìí àmúlò”. Ohun tí a rò pé ó rí bẹ́ẹ̀ kí a tó dán an wò ni “àbá”. Wọ́n pe gbígbà tí olùkópa gbà láti dáhùn ní “ìfọwọ́sí”, wọ́n sì fi “àìdárúkọ” pe gbogbo ọ̀nà tí a fi ń dáàbò bo olùdáhùn. Àwọn díẹ̀ tí a mú lára ọ̀pọ̀ di “àpẹẹrẹ”, àbájáde tó fì di “ojúsàájú”, òṣùwọ̀n tó dára di “ìgbẹ́kẹ̀lé”, gbogbo ìlànà tó de olùwádìí sì di “ìwà ọmọlúàbí”. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ láti rò, pàápàá lórí àwọn tó kan ẹni tí a ń bi ní ìbéèrè.

“Ìwádìí àmúlò” kò ní wàhálà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé a fẹ́ mú èsì rẹ̀ lò ni: ṣé kí a gbé ọjà yìí jáde àbí kí a dá a dúró, kí ló dé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní kí a fi “ìwádìí ìjìnlẹ̀” pe irú kejì, èyí tí a ń ṣe kí ìmọ̀ lè pọ̀ sí i nìkan, ni n kò bá lọ, nítorí ìwádìí àmúlò náà lè jinlẹ̀. “Ìwádìí ìpìlẹ̀” tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Ní ti “àbá”, ẹ rántí pé nínú ìjábọ̀ ilé iṣẹ́, ìparí ni a ti ń dá àbá: ẹ ṣe báyìí, ẹ má ṣe tọ̀hún. Bí àbá bá tún wà ní ojú ìwé kìíní gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fẹ́ dán wò, ọ̀gá tó ń kánjú kà á yóò gbà pé a ti mọ ìdáhùn kí a tó bẹ̀rẹ̀. (Àwọn ọ̀gá kan tiẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.) “Àbá-ìdánwò” ni kí ti ìbẹ̀rẹ̀ máa jẹ́.

“Ìfọwọ́sí” gan-an ni mo wá bá jà. Kò sọ ju pé ọwọ́ kan ìwé lọ. Gbogbo wa la sì mọ bí àwọn tó ń fọwọ́ sí ohun tí wọn kò kà ṣe pọ̀ tó. Ìlànà Nuremberg tí ilé ẹjọ́ kọ ní 1947, lẹ́yìn ẹjọ́ àwọn dókítà tó fi ẹlẹ́wọ̀n ṣe ìdánwò lábẹ́ ìjọba Násì, ní kókó mẹ́wàá, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni pé ẹni tí a fẹ́ lò gbọ́dọ̀ gbà láti inú ara rẹ̀ wá. Wọn kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ lómìnira láti yàn, láìsí ipá, láìsí ẹ̀tàn, kí ó sì ní ìmọ̀ àti òye tó nípa ohun tó fẹ́ gbà. Òmìnira, ìmọ̀, òye: èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú “ìfọwọ́sí”?

Ẹnì kan ti fèsì pé ọ̀rọ̀ ìwòsàn ni ti Nuremberg, pé kò sẹ́ni tí ìbéèrè lórí ọṣẹ ìfọṣọ máa pa. Kò burú. Ẹ jẹ́ ká wá wo ti Facebook. Ní oṣù kìíní 2012, fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n yí ohun tí aṣàmúlò 689,003 ń rí lójú ewé wọn padà. Wọ́n dín ọ̀rọ̀ ayọ̀ kù fún àwọn kan, wọ́n sì dín ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kù fún àwọn mìíràn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìṣesí ọ̀rẹ́ ẹni lórí ayélujára ń ran ni. Ìgbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014 ni ariwo ta. Àwọn tó kọ ọ́ ti sọ nínú àpilẹ̀kọ náà pé àwọn aṣàmúlò ti gba ìlànà ìlò dátà nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, pé ìyẹn náà ni gbígbà wọn. Bí “ìfọwọ́sí” bá ni ìperí wa, òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sì sí ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ pé wọ́n ń fi òun dán nǹkan wò. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó tẹ iṣẹ́ náà jáde fúnra rẹ̀ padà gbé àkíyèsí síta pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kó dátà náà ń kọ òun lóminú.

Ohun tí mo mú wá ni “ìyọ̀ǹda àgbọ́yé”. Ẹni tó bá yọ̀ǹda nǹkan ló ni ín, ó sì lè fi í pamọ́ bó bá wù ú. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó ní olùyọ̀ǹda ara ẹni. “Àgbọ́yé” ní tirẹ̀, àwọn olùkọ́ ti ń lò ó fún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ tó sì yé e. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé ni wọ́n ń kà, pé kò sí gbígbọ́ níbẹ̀, mo fi yé e pé Yorùbá máa ń sọ pé lágbájá “gbọ́” Faransé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé nìkan ló fi kọ́ ọ. Gbígbọ́ wa gbòòrò ju etí lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí “ìyọ̀ǹda” ń gbé tí “ìfọwọ́sí” kò lè gbé. Nínú ìwádìí òwò, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé abẹ́ ọ̀gá tó rán olùwádìí níṣẹ́ ni àwọn tí a ń bi ní ìbéèrè wà. Ọ̀gá ẹ̀ka pín fọ́ọ̀mù, gbogbo ènìyàn kọ ọ́, kò sẹ́ni tó kọ̀. Ìfọwọ́sí pé pérépéré. Kí a tó lè sọ pé ìyọ̀ǹda wà níbẹ̀, a ní láti béèrè bóyá òṣìṣẹ́ náà lè ní òun ò ṣe, kí ohunkóhun má sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ìgbéga rẹ̀. A sì ní láti jẹ́ kó mọ̀ pé bó bá dé ìdajì, ó lè jáwọ́. Ohun tí a yọ̀ǹda ṣeé gbà padà. Ẹni tó fọwọ́ síwèé ti fọwọ́ síwèé.

Ó kan “àìdárúkọ”. Níbí ni èdè wa ti fún wa ní ẹ̀bùn tí ẹ̀gbọ́n wa kò lò. Ìlérí méjì ni olùwádìí lè ṣe, wọn kò sì jọra rárá. Nínú èkíní, olùwádìí mọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀, ó ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀ fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ó ṣèlérí pé òun ò ní sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ni “àìdárúkọ”: ó mọ̀ ọ́n, kò dá a. Nínú èkejì, olùwádìí fúnra rẹ̀ kò mọ ẹni tó dáhùn, kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà mọ̀ ọ́n. “Àìmorúkọ” nìyẹn. Bí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń gba àdírẹ́sì ímeèlì olùdáhùn sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ sókè rẹ̀ pé a kò mọ̀ yín, irọ́ ni wọ́n pa, bí wọn kò tilẹ̀ ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni láéláé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ìwé ìlànà náà da méjèèjì pọ̀.

Àní “àìmorúkọ” náà ní ìdẹkùn tirẹ̀, nítorí orúkọ nìkan kọ́ ni a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ní 2006, AOL, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, gbé nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ìbéèrè tí àwọn aṣàmúlò bí 650,000 tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìwáǹkan wọn síta fún àwọn olùwádìí. Wọ́n ti yọ orúkọ kúrò, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníròyìn fi wá obìnrin kan rí láti inú ohun tó ń wá nìkan. Ní ilé iṣẹ́ kékeré, kò tiẹ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀: ẹ kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé “obìnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún” sọ pé ọ̀gá ń fìyà jẹ wọn, kí ẹ wo bí gbogbo ọ́fíìsì yóò ṣe mọ ẹni náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà mo fẹ́ ìperí kẹta, “ìpaàmìrẹ́”, fún iṣẹ́ pípa gbogbo àmì ìdánimọ̀ rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dùn mọ́ etí jù ú lọ, mo ṣetán láti jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ní ti “ìwà ọmọlúàbí”, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni yóò bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ iyì ni, ṣùgbọ́n inú ènìyàn ni ó wà. Olùwádìí tó jẹ́ ọmọlúàbí lè ní ọkàn rere, kó máà sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ ẹni tó sanwó ìwádìí náà fún olùdáhùn. Ohun tí a ń wá orúkọ fún ni ìlànà tó wà lákọsílẹ̀, tí ẹlòmíràn lè fi bi olùwádìí léèrè. Mo ní kí a pè é ní “ìlànà ẹ̀tọ́ ìwádìí”. “Ẹ̀tọ́” ń sọ ohun tó tọ́ láti ṣe, ó sì tún ń sọ ohun tó jẹ́ ti ẹnì kejì tí a kò gbọ́dọ̀ fi dù ú. Ẹnì kan ti pe ìtumọ̀ méjì yìí ní àléébù. Lójú tèmi, àǹfààní ni, nítorí kì í jẹ́ kí olùwádìí gbàgbé pé gbèsè ni òun ń san.

Ìwé Belmont, ìjábọ̀ lórí ohun tó tọ́ nínú ìwádìí tí a fi ènìyàn ṣe, tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà ní 1979, náà bá èyí mu. Òpó mẹ́ta ló gbé e ró: ọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ṣíṣe é lóore láìṣe é léṣe, àti ẹ̀kẹta tí àwọn kan nínú yín ń pè ní “ìdájọ́ òdodo”. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí adájọ́ níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni ta ni yóò ru ẹrù ìwádìí, ta ni yóò sì jẹ èrè rẹ̀. “Ìpín òdodo” ló yẹ ẹ́.

Kí n yára lórí àwọn tó kù. “Àpẹẹrẹ” ti níṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú èdè wa. “Àbùwò” ni mo fẹ́: a bù ú, a wò ó. Èyí tí a fi kèké mú di “àbùwò oníkèké”, èyí tí a mú nítorí pé ó wà nítòsí di “àbùwò àrọ́wọ́tó”. Ẹ rántí Literary Digest, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn kí ìdìbò ààrẹ 1936 tó wáyé. Èsì tó lé ní mílíọ̀nù méjì wọlé, wọ́n sì kéde pé Landon ni yóò borí. Ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ni Roosevelt mú. Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti mọ́tò ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ, ìyẹn ní àkókò tí owó wọ́n. Àrọ́wọ́tó ni, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ìtàn kan náà ló jẹ́ kí n kọ “ojúsàájú” sílẹ̀. Ojúsàájú ní ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì ní ẹni tó ṣe é fún. Àwọn oníwèé ìròyìn yẹn kò ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn fì. “Ìfìsápákan” sọ ọ́ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ wá fi “ojúsàájú” sílẹ̀ fún olùwádìí tó yọ èsì tí kò dùn mọ́ onígbọ̀wọ́ kúrò nínú ìjábọ̀, nítorí òun ló tọ́ sí.

“Ìgbẹ́kẹ̀lé” náà ń tan ni jẹ. Ohun tí ìperí náà yẹ kó sọ ni pé bí a bá tún un wọ̀n, ohun kan náà la ó rí. Òṣùwọ̀n tó ń fi kílò méjì kún ìwọ̀n gbogbo ẹni tó bá gun orí rẹ̀ kì í yẹ̀, irọ́ ló sì ń pa. “Ìdúrósójúkan” tó o. Ìbátan rẹ̀ ló le, èyí tó ń béèrè bóyá ohun tí a fẹ́ wọ̀n gan-an ni a wọ̀n. Coca-Cola fún ènìyàn bí 200,000 ní adùn tuntun tọ́ wò kí wọ́n tó pààrọ̀ ti àtijọ́ ní 1985. Èsì dúró sójú kan: tuntun náà dùn jù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 79, ìbínú àwọn oníbàárà ti mú kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Adùn ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wọn ohun tí ènìyàn yóò ṣe bí a bá gba ohun tó ti mọ́ ọn lára lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì ní ìperí kan tó dá mi lójú fún èyí. “Ìbámu” ṣófo jù.

Èyí tó kù ni ti ẹni tí ilé iṣẹ́ rán lọ ṣe bí oníbàárà, kó lè wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe sí ènìyàn. Ẹnì kan dá “amí oníbàárà” lábàá, àwọn kan sì ní “amí” burú jù, pé kí a wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀. N kò fẹ́ kó rọ̀. Ẹni tí wọ́n ń wò kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, kò sì yọ̀ǹda ohunkóhun. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe é gbọ́dọ̀ ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú rẹ̀ lè wáyé. Àlàyé tí a máa ń ṣe fún olùkópa lẹ́yìn tí a bá ti fi nǹkan pamọ́ fún un, mo fẹ́ pè é ní “ìṣíṣọlójú”. Àwọn tí ohùn èdè yé jù mí lọ, ṣé ó bọ́ sí i, àbí ó fẹ́ jọ ọ̀rọ̀ awo?