Lákà kò gbẹ nínú òtútù: ta ló ti lo iná infrared rí?

Àǹtí, Leeds
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àga àti tábìlì àlòkù ni mo máa ń tún ṣe tà nínú gáréèjì mi. Láti ìgbà tí òtútù ti wọlé ni lákà mi, ọ̀dà tí mo ń fọ́n sára igi kó lè dán, kò ti gbẹ mọ́. Mo fọ́n tábìlì kan ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí mo fi ìka kàn án ní ọjọ́ Àìkú, ojú ìka mi hàn lára rẹ̀ kedere. Àwọn tó gbẹ pàápàá funfun bí ẹni pé wọ́n da omi ògì lé wọn lórí. Mo gbọ́ pé iná infrared máa ń mú un gbẹ kíákíá. Hítà balùwẹ̀ mi kan wà tó máa ń pọ́n rẹ̀rẹ̀. Ṣé mi ò lè fi ìyẹn gbé e ná, kí n tó ná owó?

Bàbá Káfíńtà, London
Àbúrò mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má gbé hítà yẹn wọ gáréèjì. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára tínà, ìyẹn omi tí a fi ń po lákà, wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ilẹ̀ ló ń rọ́ gbà bí omi. Kódà bí òtútù bá dé 20 sẹ́ńtígíréèdì sí ìsàlẹ̀ òdo, acetone tó wà nínú ọ̀pọ̀ tínà ṣì lè gbiná. Nitrocellulose tí wọ́n fi ń ṣe lákà, ìbátan rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn. Nítorí náà, tan iná infrared fúnra rẹ̀ kìkì nígbà tí o bá ti fọ́n ọ̀dà tán, tí o ṣílẹ̀kùn, tí òórùn tínà sì ti lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ funfun yẹn. Bí tínà ṣe ń kúrò lójú igi, ó ń gbé ooru ibẹ̀ lọ. Ojú igi á wá tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, omi inú afẹ́fẹ́ á sì sẹ̀ sí i lára, bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò míníràlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Mushin, ìgbà òjò ni a máa ń rí i. Ọ̀gá wa á fi tínà tó ń lọ́ra kún lákà náà. Èyí tó ti funfun, fọ́n tínà tó ń lọ́ra yẹn fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, omi á ráyè jáde, á sì padà mọ́ gaara.

Iná infrared kì í mú afẹ́fẹ́ gbóná, ohun tó bá bà ló ń mú gbóná. O rántí àárọ̀ ọyẹ́ nílé, tí a máa ń jókòó yáàrùn? Afẹ́fẹ́ tutù nini, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ ń gbóná. Bó ṣe rí nìyẹn. Irú tí wọ́n ń pè ní short wave ń la lákà kọjá dé ara igi, igi á gbóná, tínà á sì máa tìsàlẹ̀ jáde. Fáànù tó ń fẹ́ ooru, òkè ló ń kọ́kọ́ mú gbẹ.

Ṣùgbọ́n bí o bá kánjú, infrared náà á ṣe ọ́ léṣe. Òtútù àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé níhìn-ín, mo fọ́n tábìlì igi oak kan fún oníbàárà, mo sì fa iná náà sún mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́: ó ti sú wìnnìwìnnì bí ọrùn ọmọ tí ooru mú. Òkè ti di awọ, tínà ìsàlẹ̀ kò rọ́nà, ó wá ń hó. Ọjọ́ méjì ni mo fi ha gbogbo rẹ̀ dé ara igi.

Nísinsìnyí, fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ń fọ́n ọn. N ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 láìtan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni n ó gbé iná sí nǹkan bíi mítà kan sí i, n ó máa wọn bí ojú igi ṣe gbóná tó, mi ò sì ní jẹ́ kó kọjá 45 sẹ́ńtígíréèdì. Ra tẹmọ́mítà tí a ń nà sí nǹkan, ó jọ èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà kòrónà, ṣùgbọ́n ti ilé iṣẹ́ ni kí o rà. Bí o bá paná, jẹ́ kó tutù kí o tó fọwọ́ kàn án. Lákà gbígbóná máa ń rọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Birmingham
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ọkọ̀ ni èmi ń kùn, 60 sẹ́ńtígíréèdì sì ni a sábà máa ń gbé e dé. Àǹtí, ẹ má fi ti ọkọ̀ ṣe òdiwọ̀n o. Irin ń gbà á, igi á là, gúlúù á sì tú. Ẹ ṣọ́ etí tábìlì àti ibi tó bá dúdú, wọ́n máa ń yára gbóná. Bí ó bá jẹ́ lákà oní-hardener, èyí tí a ń po èròjà tó ń mú un le mọ́, kì í ṣe pé tínà ń lọ nìkan, èròjà méjì ló ń so pọ̀. Ooru díẹ̀ ń yá a lára gan-an. Ẹ fi ìbòmú gidi sí i, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà, nítorí isocyanate tó wà nínú ọ̀pọ̀ hardener ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àbúrò yín, Houston
Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má gbé iná ti UK wá. Iná mànàmáná 230 volt ni tiwọn, 120 ni tiwa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 ampere wọn ń gbé bíi 3,000 wáàtì; 15 ampere tiwa kò ju 1,800 lọ, ẹ má sì ki nǹkan mìíràn bọ̀ ọ́ pẹ̀lú iná náà. Bàbá, igi pine ni mo ń lò, oje sì ń yọ lójú ìdí ẹ̀ka rẹ̀ bí mo bá taná sí i. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Káfíńtà, London
Ooru ló ń pe oje yẹn jáde. Fi shellac, irú fáníṣì kan, bo ojú ìdí ẹ̀ka wọ̀nyẹn kí o tó fọ́n lákà, kí o sì jẹ́ kí ooru rẹ má ju 40 lọ. Bí ó bá jẹ́ lákà tí a fi omi pò dípò tínà, fáànù ló ṣe pàtàkì jù, nítorí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gbé omi náà lọ.

Àǹtí Leeds, mo gbàgbé ohun kan tí kò ná ọ ní kọ́bọ̀: gbé igi wọlé sùn kí o tó fọ́n ọn. Lákà náà, gbé agolo rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, jìnnà sí iná.

Àǹtí, Leeds
Ẹ ṣeun, bàbá mi. Tábìlì sùn ní pálọ̀ lánàá, mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, mo ra iná 1,500 wáàtì àti tẹmọ́mítà. 42 ni mo dá a dúró sí. Kò funfun, kò sì sú. Lẹ́yìn tó tutù, mo fi sanpépà 320 ra á níhà inú ẹsẹ̀ tábìlì: tẹ́lẹ̀ ṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ sanpépà bí gọ́ọ̀mù, lónìí ìyẹ̀fun funfun ló ń bọ́ sílẹ̀.